Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ó ti pẹ́ tí àwa mẹ́rin tí a wà nídìí àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè ti ṣèlérí pé a ó kọ nǹkan sí ojú ewé Yorùbá yìí. Ohun tí a kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni ìròyìn lásán: ìlú tí a dé, àgbà tí a bá sọ̀rọ̀, iye gbólóhùn tí a ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa tó ju ìròyìn lọ. A ṣẹ ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, a sì ṣẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí a kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ tí a ń lò. Ẹ jẹ́ kí á rò ó fún yín bó ṣe rí. Ó lè ṣe yín ní àǹfààní, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ fún mémoire yín.

Àwa márùn-ún ni iṣẹ́ náà kó jọ, ìlú wa sì yàtọ̀ síra. Ọ̀kan wá láti Kétu, ọ̀kan láti Àjàṣẹ́, ọ̀kan láti Ìdáàṣà, ọ̀kan láti agbègbè Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, níbi tí wọ́n ti ń sọ Ifẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana. Ẹnì karùn-ún jẹ́ ọmọbìnrin láti Ṣábẹ. Òun ni a ṣẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ọmọ Ṣábẹ ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó sì máa pè é lọ.

Nígbà ìsinmi, oníkálukú padà sílé, ó sì fi fóònù rẹ̀ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: ìtàn ìdílé, àlọ́, ọ̀rọ̀ oko, bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìsìnkú láyé àtijọ́. Nígbà tí a padà dé, a jókòó, à ń gbọ́, à ń tẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ohùn wákàtí kan ṣoṣo lè gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí a tó tẹ̀ ẹ́ tán pẹ̀lú àmì ohùn. A fi tiwa kún èyí tí àwọn tó ṣáájú wa ní ẹ̀ka yìí ti tẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ohun ńlá.

Ìyá àgbà kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ tí Ọmọ Ṣábẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Bí ìyá náà ṣe ń lo àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn, a kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ mọ́. Kí a tó tẹ ìdajì ohùn wọn tán, wọ́n ti papò dà. Láti ọjọ́ náà ni Ọmọ Ṣábẹ ti sọ pé ọ̀rọ̀ kéékèèké ni òun yóò fi ṣe mémoire òun: ní, ti, sí, fún, àti bí ìlò wọn ṣe ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Àwa yòókù mú ohun tó tóbi lójú wa. Ọ̀kan mú orúkọ ewé àti egbò, ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ ìbátan, ọ̀kan mú orúkọ ẹja àti ohun èlò àwọn apẹja ọ̀sà, ọ̀kan sì mú àwọn ọ̀rọ̀ bíi rògòdò àti pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí wọ́n ń ya àwòrán nǹkan síni lọ́kàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, a kò sì rí i.

Ìjà àkọ́kọ́ tí a jà ni ti àkọtọ́. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti ìgbà tí ìjọba ti gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè jáde ní 1975, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà. Ìwé tó ń ti Nàìjíríà wá, ẹ àti ọ ni. Ojú ènìyàn mọ̀ pé ɛ̀kɔ́ àti ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, nọ́ńbà ni lẹ́tà, nọ́ńbà ẹ sì yàtọ̀ sí ti ɛ nínú Unicode. Èyí tó tún burú ni pé ẹnì kan lè tẹ ẹ kó wá fi àmì òkè lé e, kí ẹlòmíràn tẹ é kó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Méjèèjì rí bákan náà lójú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ kò dọ́gba. A fẹnu kò sí ẹ, ọ àti ṣ, a sì kọ ètò kékeré kan tí yóò máa sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Àwa mẹ́rin ń tẹ ẹ tààrà. Ọmọ Ṣábẹ, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé ní ìlú wọn, ń tẹ ɛ tí ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ètò náà sì ń yí i padà fún un. Kò sí wàhálà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ó kù sí wa lọ́kàn pé tirẹ̀ yàtọ̀.

PostgreSQL ni dátábéèsì tí a kó gbogbo rẹ̀ sí. Ọ̀fẹ́ ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì wá láti inú iṣẹ́ tí Michael Stonebraker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 1986. Àtẹ méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Àtẹ kìíní ni ti ìjẹyọ: gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan bá jẹ yọ lẹ́nu ẹnì kan, ó ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀. Àtẹ kejì ni ti gbólóhùn: gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlú rẹ̀, olùsọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Faransé, àti àkókò tí sílébù kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ nínú ohùn náà. Nítorí àwọn àkókò yìí, ìlà gbólóhùn kan gùn gan-an. Nígbà tí a kà á, ìjẹyọ tí a ní jẹ́ bí 400,000, ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra wọn sì jẹ́ bí 16,000. Ẹ̀rọ tó gbé e dúró ti di àgbàlagbà. Dísíìkì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń yí, ìrántí rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn ẹ̀ka mìíràn sì ń bá wa lò ó.

Ìbéèrè tí a ń béèrè jù lọ kò le. A ó mú ọ̀rọ̀ kan, a ó ní kí dátábéèsì kó gbogbo gbólóhùn tó ti jẹ yọ wá, kó sì ka iye rẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wá orúkọ ewé kan rí tirẹ̀ kí ó tó ṣẹ́jú. Gbogbo wa ń yọ̀.

Kò pẹ́ tí Ọmọ Ṣábẹ bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Ó ní ẹ̀rọ náà ń fà. Ó ní bí òun bá wá ní láàárọ̀, kíá ni. Tó bá di ọ̀sán, òun lè lọ ra omi kí òun sì padà kí ìdáhùn tó dé. A lọ wò ó. Ọ̀kan nínú wa ṣí ètò náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó wá ní lẹ́ẹ̀kan, ó wá a lẹ́ẹ̀kejì. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan tó ṣe é o." Ọmọ Ṣábẹ ní, "Ẹ dúró díẹ̀ sí i." Ta ló ń dúró? Oníkálukú padà sí ìdí ewé rẹ̀.

Nígbà tí ìráhùn náà pọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí a ó dá a lé lórí. A kọ́kọ́ ní íntánẹ́ẹ̀tì ni. Lẹ́yìn náà, a ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó. Níkẹyìn ni ọ̀kan nínú wa sọ ohun tí ó ti wà lọ́kàn àwa yòókù: "Àbí ɛ tí o ń tẹ̀ yẹn ni? Àwa tí a ń tẹ ẹ, ṣé ẹ̀rọ ń fà fún wa?" Ó jọ òótọ́. Àwa mẹ́rin ń tẹ ẹ, kò sí ẹni tó ń fà fún. Òun nìkan ló ń tẹ ɛ, òun nìkan ló ń jìyà. A gbàgbé pé ìyàtọ̀ mìíràn wà láàárín wa. A sọ fún un pé kó yí gbogbo ohun tó ti tẹ̀ padà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, títí kan ohùn ìyá àgbà tó ti kú.

Kò bá wa jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é, lẹ́yìn kíláàsì, nígbà tí àwa ń sùn. Nígbà tí ó parí, ẹ̀rọ náà ṣì ń fà bí ó ti ń fà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà ló sọ fún wa pé òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun yóò mú àkòrí mìíràn, kí àwa máa bá tiwa lọ. Ó ní kí a má bínú. Àwa ló ní kí a má bínú! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Síbẹ̀, kí a má purọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ dùn wá ni pé apá Ṣábẹ nínú iṣẹ́ náà yóò ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà. A lọ bá a ní alẹ́ ọjọ́ kan, a rojọ́ fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá béèrè ohun mẹ́ta péré: "Ọ̀rọ̀ wo ló ń wá? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń wá a kó tó pa ètò náà dé? Ta nínú yín ló ti jókòó tì í rí láti àárọ̀ dalẹ́?" A dáhùn ìkíní. Ìkejì, a kò mọ̀. Ìkẹta, kò sí ẹnì kan nínú wa.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wá jókòó ti Ọmọ Ṣábẹ. Ó ní, "Àbúrò, ṣe iṣẹ́ rẹ bí o ṣe máa ń ṣe é. Èmi á máa kà." Ọmọ Ṣábẹ ṣí ètò, ó wá ní. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ó wá ti. Mẹ́ta. Ó wá fún, ó wá sí, ó tún wá ní. Gbogbo rẹ̀ yá. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó di márùn-ún." Ọmọ Ṣábẹ tún wá ní lẹ́ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ kan náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. A ń wo ara wa. Ó lé ní ìṣẹ́jú kan kí ìdáhùn tó dé. Ó wá a lẹ́ẹ̀keje, bákan náà. Ẹ̀gbọ́n ní kó pa ètò náà, kó tún un ṣí. Márùn-ún yá, ìkẹfà fà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri mọ́. Afọ̀nàhàn yín ló há ọ̀nà kan sórí."

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé ohun tó sọ fún wa, nítorí ó dùn, ó sì kan èdè.

Bí a bá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì, a kì í sọ ọ̀nà tí yóò gbà rí i fún un. Ohun tí a fẹ́ nìkan ni a ń sọ. Apá kan wà nínú rẹ̀ tó ń yan ọ̀nà. Planner ni àwọn onímọ̀ ń pè é, àwa ti sọ ọ́ ní afọ̀nàhàn. Ó ń ṣírò ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò náni, ó sì ń mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Èrò náà ti pẹ́. Ní 1979 ni Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ti ṣàlàyé bí dátábéèsì wọn, System R, ṣe ń yan ọ̀nà báyìí, ipasẹ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ dátábéèsì ń tọ̀ títí dòní.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ìyá wa bá ń se ọbẹ̀ alẹ́ tí iyọ̀ sì tán, ọmọ kan ni wọn yóò rán, kíá ni yóò ti dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń se àsè ìgbéyàwó, tí wọ́n wá ń rán ọmọ kan náà lọ fún iyọ̀ kó padà, kó tún lọ fún ata kó padà, kó tún lọ fún àlùbọ́sà, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wọn lórí ìkòkò. Wọn yóò gba ọkọ̀ akẹ́rù ni, wọn yóò kó ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni dátábéèsì. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jẹ yọ nígbà 20, ó sàn kí ó tọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ lọ́kọ̀ọ̀kan nípasẹ̀ atọ́ka, bí ìgbà tí a bá fi zémìjáàn ra iyọ̀. Bí ó bá jẹ yọ nígbà 15,000, bíi ní nínú àkójọ wa, ó sàn kí ó ka àtẹ gbólóhùn láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì so ó pọ̀ mọ́ ìjẹyọ. Afọ̀nàhàn mọ èyí. PostgreSQL máa ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ nípa àwọn ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù nínú àtẹ. Tí a bá bi í léèrè nípa ní, ó mọ̀ pé àsè ni, ó sì gba ọkọ̀ akẹ́rù.

Kí ló wá fà á tó fi ń gbàgbé nígbà kẹfà? Ìṣirò ọ̀nà yìí ń gba àkókò díẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe jẹ́ kí dátábéèsì lè pa ọ̀nà kan mọ́, kó má bàa máa tún un rò. Ètò tí a kọ ń gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá ṣí i, ó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí a ó wá, lẹ́yìn náà ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ bọ àyè náà. Nígbà márùn-ún àkọ́kọ́, afọ̀nàhàn yóò wo ọ̀rọ̀ náà gan-an, yóò sì ṣe ètò àkànṣe fún un. Lẹ́yìn èyí, yóò ṣe ètò gbogbogbòò kan tí kò wo ọ̀rọ̀ kankan. Yóò fi iye tí ètò yìí yóò náni wé ìpíndọ́gba iye ètò àkànṣe márùn-ún tó ti ṣe. Bí ètò gbogbogbòò bá dínwó, òun ni yóò pa mọ́, òun náà ni yóò sì máa lò títí a ó fi pa ètò wa dé. Kí PostgreSQL 9.2 tó dé ní 2012, ètò gbogbogbòò nìkan ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní. Láti 9.2 ni wọ́n ti fi ètò àkànṣe kún un. Àtúnṣe rere ni, ṣùgbọ́n ihò kan ṣì kù níbẹ̀, inú rẹ̀ ni a kó sí.

Ẹ wo ihò náà. Ètò gbogbogbòò kò mọ ọ̀rọ̀ tí a ó wá, nítorí náà ìpíndọ́gba ló ń lò. Ó mú 400,000, ó pín in sí 16,000, ó rí 25. Ó ní ọ̀rọ̀ yòówù tí wọ́n bá wá, nǹkan bí ìlà 25 ni. Fún ìlà 25, kí a rán ọmọ lọ, owó díẹ̀ ni. Ó wá fi owó díẹ̀ yìí wé ohun tí ètò àkànṣe ti ná fún ní àti ti, tí wọ́n gba ọkọ̀ akẹ́rù. Ètò gbogbogbòò dínwó jìnnà! Ṣùgbọ́n àìmọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kó dínwó. Ètò tó mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó ló pe owó gidi, èyí tí kò wo ẹrù ló ní kò tó nǹkan. Afọ̀nàhàn gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ̀. Ó wá rán ọmọ kan sí ọjà nígbà 15,000, lórí dísíìkì tó ń yí.

Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Bí a bá ní kí á wá ohun kan láyé tí ìpíndọ́gba kò bá mu, ọ̀rọ̀ inú èdè ni à bá kọ́kọ́ mú. George Kingsley Zipf ti fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1935 àti ní 1949 pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ èdè, tí ọ̀pọ̀ yanturu kì í sì í jẹ yọ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ọ̀rọ̀ tó ṣe ìkejì ní pípọ̀ tó bí ìdajì ti àkọ́kọ́, ìkẹta tó bí ìdá mẹ́ta rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Gbogbo wa ló ti kọ èyí sínú ìwé ìdánwò, a sì ti gba máàkì fún un. Síbẹ̀, nígbà tó dé àárín ilé wa, a kò dá a mọ̀. Ìka kò dọ́gba. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpíndọ́gba nínú àkójọ wa. Ọ̀rọ̀ ewé wa kò tó 25, ọ̀rọ̀ Ọmọ Ṣábẹ ju 25 lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Bí àwa náà bá tilẹ̀ ń lo ètò gbogbogbòò kan náà, kò lè pa wá lára. Ọ̀nà rẹ̀ gan-an ló yẹ ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀, nítorí náà a kò mọ̀ pé ihò náà wà. Nígbà tí a sì lọ yẹ ní wò fún un, ṣe ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ètò tiwa, a wá a lẹ́ẹ̀mejì, a sì dìde kúrò níbẹ̀ kí ó tó pé márùn-ún. Ìpamọ́ yẹn kì í ti orí kọ̀ǹpútà ẹnì kan dé orí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó jókòó pẹ́ nìkan ló ń bá a pàdé. Ìyà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jù ni, a sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lásán. Ó fi àṣẹ EXPLAIN han ọ̀nà náà lójú wa. Nígbà márùn-ún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ní hàn gbangba nínú ètò náà, ìrètí ìlà rẹ̀ sì lé ní 14,000. Nígbà kẹfà, $1 ni a rí níbi tí ní wà tẹ́lẹ̀: àyè òfìfo, pẹ̀lú ìrètí ìlà díẹ̀. Ó tún ṣí pg_prepared_statements. Láti PostgreSQL 14, tó jáde ní 2021, ibẹ̀ ti ń sọ iye ìgbà tí wọ́n lo ètò àkànṣe àti iye ìgbà tí wọ́n lo ètò gbogbogbòò. Àkànṣe dúró sí 5, kò gbéra mọ́. Gbogbogbòò ń lọ sókè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Láti PostgreSQL 12, tó jáde ní 2019, a lè sọ fún afọ̀nàhàn pé kó máa wo ọ̀rọ̀ náà nígbà gbogbo:

SET plan_cache_mode = force_custom_plan;

A fẹ́ fi í sí gbogbo ibi. Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Ó ní ìpamọ́ kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn ìbéèrè kan wà tí a ń fi nọ́ńbà gbólóhùn béèrè, nọ́ńbà kan sì ní ìlà kan péré, kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Fún irú wọn, ọ̀nà kan tó, àsannù ni kí a máa tún un rò. Ibi tí ẹrù kò ti dọ́gba nìkan ni kí a ti máa wo ẹrù. A fi ìlà náà ṣáájú ìbéèrè ọ̀rọ̀, a sì dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ríro ọ̀nà lọ́tun nígbà gbogbo kò gbà ju ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọ Ṣábẹ wá ní nígbà 20 lẹ́sẹẹsẹ, àwa náà ń kà á sókè bí ọmọdé. Kò sí èyí tó ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ku àwa àti òun. A bẹ̀ ẹ́. A kò mọ bí a ṣe lè dá ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ padà. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ ò tiẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ tí mò ń wá lọ́wọ́ mi." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ti ro ọ̀rọ̀ náà ká tán lórí ibùsùn. Àwa náà ti pa èrò kan mọ́ nípa rẹ̀ láti ìgbà ìjà ɛ àti ẹ, ìgbàkigbà tó bá sì ráhùn, èrò náà ni a ń mú jáde, a kò tún ojú wa fi wò ó mọ́. Ó rọrùn, kò náni ní nǹkan kan.

Ẹ óò ti ṣàkíyèsí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí ni a ti ń sọ pé "àwa mẹ́rin". Àwọn èdè kan wà tí wọ́n ya "àwa pẹ̀lú ìwọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "àwa láìsí ìwọ". Yorùbá kò yà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹni tó ń sọ ọ́ ló mọ iye ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ti tẹ ohùn ìyá àgbà yẹn dé òpin, ó sì ń kọ orí kejì mémoire rẹ̀. Òun ló ka àròkọ yìí kí a tó fi ránṣẹ́, ó sì tún àmì ohùn ibi mẹ́sàn-án ṣe fún wa. Ó tún ní kí a fi ìmọ̀ràn kan sí i fún yín.

Ìmọ̀ràn náà nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ dán àkójọ ọ̀rọ̀ yín wò, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n nìkan dán an wò. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, ẹ wá a ju ìgbà márùn-ún lọ láìpa ètò dé. Bí ẹnì kan nínú yín bá sì ń ráhùn nígbà tí ara ẹ̀yin yòókù dá, ẹ lọ jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ó dìgbà kan ná. Àwa márùn-ún la kí yín.